Etí Gìtá Ẹ̀gbọ́n Ọdẹkúnlé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ wá pa á tì. Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, torí ibi tó ti dunni jù, ìparí ló wà.

1.
Ní Ìdógò, nítòsí Ìlaròó, Ẹ̀gbọ́n Ọdẹkúnlé ló ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Gìtá olókùn méje ni, kì í ṣe olókùn mẹ́fà tí gbogbo ayé ń lò. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ò ní ẹni tó ń ta béèsì, okùn keje tó nípọn yẹn ni wọ́n sì fi ń ṣe béèsì, wọ́n á wá fi àwọn yòókù gbé orin. Ẹni tó bá wà níta á rò pé èèyàn méjì ló ń ta á.

Gìtá iná ò lè dún láìsí píkọ́ọ̀pù. Ẹ pè é ní etí gìtá. Òun ló wà lábẹ́ okùn, tó ń gbọ́ ohun tí okùn sọ, tó sì ń gbé e lọ sínú sípíkà. Méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lápá ọrùn, ọ̀kan nísàlẹ̀. Okùn kì í fi bẹ́ẹ̀ mì nísàlẹ̀, nítorí náà ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára díẹ̀ ju ti ọrùn lọ. Bíi tọkọtaya ni wọ́n rí: bí ọ̀kan bá ń pariwo lé èkejì lórí, ilé ò ní rójú.

2.
Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Ẹ̀gbọ́n Ọdẹkúnlé. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, ó sì mú ojú wọn lọ. Wọ́n pe Ìbídàpọ̀ tí wọ́n kọ́ ní gìtá, wọ́n gbé gìtá náà lé e lọ́wọ́.

"Máa lò ó. Bí mo bá kú, tìẹ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá tún dé ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Ìbídàpọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Kò pẹ́ tí ohùn píkọ́ọ̀pù ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Àsìkò tí wọ́n ti bodè pa nìyẹn, Kútọnu lèèyàn sì ti lè rí irú rẹ̀ rà.

"Ní sùúrù kí wọ́n ṣí bodè," Ẹ̀gbọ́n Ọdẹkúnlé sọ fún un. "Ti ìsàlẹ̀ nìkan ni kó o pààrọ̀. Mú ti ọrùn dání lọ, kí wọ́n bá ẹ wá èyí tó máa bá a mu."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Irọ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ onígìtá Ìlaròó ló wà lọ́kàn rẹ̀, àwọn tí gìtá wọn ń bú ramúramù. Ó fẹ́ kí tòun bú ju tiwọn lọ.

3.
Gbọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọ̀kadà gbé e gba inú igbó lẹ́yìn Àgọ́ṣáṣá títí wọ́n fi dé Kútọnu.

"Èyí tó bá le jù ni kẹ́ ẹ fún mi," Ìbídàpọ̀ sọ fún ọlọ́jà. "Méjèèjì ni mo fẹ́ pààrọ̀."

"Dúsìmọ́ọ̀, àbúrò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́," ni ọlọ́jà náà wí. "Ó dáa. Wọ́n kọ ti ọrùn àti ti ìsàlẹ̀ sí wọn lẹ́yìn. Má ṣì wọ́n mú o."

Ìbídàpọ̀ fi píkọ́ọ̀pù ọrùn àtijọ́, èyí tí ohunkóhun ò ṣe, dí lára owó ọjà.

Lójú ọ̀nà ni Gbọ́lá ti wo píkọ́ọ̀pù tuntun méjèèjì. "Wọ́n ń dán jù. Aṣọ́bodè á ní fàyàwọ́ ni."

Ẹ mọ̀ wá, àwa ará ibodè. A mọ bí a ti ń sọ nǹkan tuntun di ògbólógbòó. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kúrò, wọ́n sì fi yẹ̀pẹ̀ pupa ra wọ́n dáadáa.

Aṣọ́bodè dá wọn dúró. Ó wo abẹ́ àga ọ̀kadà.

"Ìrẹsì dà?"

"Kò sí, ọ̀gá."

"Ẹ máa lọ."

Kò tilẹ̀ wo àpò Ìbídàpọ̀.

4.
Ìgbà tí Ìbídàpọ̀ fẹ́ fi òjé jó wáyà mọ́ra ló tó rí i pé òun ò mọ èwo ni ti ọrùn mọ́. Ṣé kò lè lọ bi Ẹ̀gbọ́n Ọdẹkúnlé ni? Kí ló fẹ́ sọ pé ó ṣẹlẹ̀ sí ti àtijọ́? Ó ṣáà jó wọn mọ́ ọn bó ti rò ó. Ó ta á jẹ́jẹ́ nínú yàrá, ó ní ó ti dáa.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n mú Ẹ̀gbọ́n Ọdẹkúnlé wá dúpẹ́. Wọ́n jókòó níwájú, wọ́n dẹ etí sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìbídàpọ̀ fi píkọ́ọ̀pù ọrùn ta okùn keje. Ó bú gbàmù, ó bo ohùn àwọn akọrin mọ́lẹ̀. Ó yí i sí ti ìsàlẹ̀, kò ju kíkùn yànmùyánmú lọ. Ó pa méjèèjì pọ̀, wọ́n ń ti ara wọn dànù, ohùn gìtá sì gbẹ, ó tín-ín-rín. Orin dàrú.

Ẹ̀gbọ́n Ọdẹkúnlé yíjú sí i. "Ìbídàpọ̀, gìtá ta lo gbé wá yìí? Bá mi lọ gbé tèmi wá, jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Gbogbo akọrin ń wò ó. Gìtá náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ó... ó wà nílé, ẹ̀gbọ́n."

Lẹ́yìn ìsìn, ó bẹ̀rẹ̀ láti kí wọn, kò tíì bọ́ gìtá lọ́rùn. Wọ́n na ọwọ́ òsì láti gbá a léjìká, ọwọ́ náà sì bà lára igi gìtá, níbi tó ti sán nígbà kan tí àwọn fúnra wọn fi àtè lẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ojú àpá náà. Wọ́n fa ọwọ́ wọn padà, wọ́n ní kí wọ́n máa mú àwọn relé.

Ì bá sàn kí wọ́n bú u.

5.
Nígbà tí wọ́n ṣí bodè, Ìbídàpọ̀ padà sí Kútọnu. Wọ́n ti ta píkọ́ọ̀pù àtijọ́. Ẹnìkan ní Ìlaròó bá a tún wáyà tò, gìtá ò pariwo mọ́, ṣùgbọ́n ohùn tí Ẹ̀gbọ́n Ọdẹkúnlé ń retí ò padà wá. Ìbídàpọ̀ fúnra rẹ̀ gbé gìtá náà padà sílé Ẹ̀gbọ́n Ọdẹkúnlé, ó gbé e kọ́ sára ògiri. Wọn ò ní kó gbé e wá. Wọn ò sì ní kó gbé e lọ.

Ìwọ tó ń ka èyí, bí wọ́n bá fi nǹkan olówó iyebíye sí ọ lọ́wọ́, má ṣe é bó ṣe wù ọ́. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, béèrè. Bí o bá sì ti bà á jẹ́, tètè jẹ́wọ́ kí ọwọ́ onínǹkan tó kàn án. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.