Ọ̀dọ̀ Ìyá Etídákẹ́

Olùṣọ́-àgùntàn kì í kànkùn nílé Ìyá Etídákẹ́. Kí ni ìkànkùn fẹ́ ṣe fún adití? Ní ọ̀sán gbogbo Ọjọ́rú, ó máa ń rọra ṣílẹ̀kùn, á wọlé, á sì jókòó sórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé. Ibà líle kan ni wọ́n ní ó gba etí ìyá náà lọ, kí a tó gbé olùṣọ́-àgùntàn wá sí ìjọ yìí. Ọwọ́ ni àwọn ènìyàn fi ń júwe ọ̀rọ̀ fún un.

Olùṣọ́-àgùntàn ní tirẹ̀ a máa la ẹnu bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí ó bá gbọ́ nínú yàrá ìsọ̀dùn, iyàrá kékeré ẹ̀yìn pẹpẹ níbi tí àwọn ọmọ ìjọ ti ń tú ohun tó ń dùn wọ́n sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni ó ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bí alárù tí ó dé abẹ́ ibòji. Ẹrù tí kò ṣeé sọ̀ níbòmíràn ni. Ìyá náà a máa ṣa ẹ̀wà rẹ̀. Bí kẹ́tùlù bá súfèé lẹ́yìn rẹ̀, a dìde gbé e kúrò lórí iná, a sì padà sídìí ẹ̀wà.

Àwọn obìnrin ìjọ kì í jẹ́ kí ilé rẹ̀ ṣófo. Bí olùṣọ́-àgùntàn bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á sì máa lọ. Ó ti fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ ìfẹ́ lórí àga ìwàásù.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, aránṣọ já wọ yàrá ìsọ̀dùn, okùn ìwọnṣọ rẹ̀ lọ́rùn. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Pásítọ̀, ta lẹ sọ ọ́ fún?"

"Kí ni mo sọ? Ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó! Ọmọ mi ti kó ẹrù jáde nílé. Ó dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi láàárọ̀ yìí, ó ní, 'Bàbá tó bí mi dà?' Ọmọ tí mo pọ̀n! Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ìyá rẹ̀ níyàwó tòun toyún, mi ò sọ ọ́ fún ọmọ ìyá mi pàápàá. Ìyá rẹ̀ sì ti kú. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún, lórí àga yìí."

"Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, kò sí etí tó ń gbọ́ràn tí mo sọ ọ́ sí."

"Á jẹ́ pé ògiri ló sọ ọ́ nìyẹn." Aránṣọ na ìka sí i. "Ìyàwó yín ńkọ́? Ẹni tí ẹ jọ ń forí korí sùn? Ẹ gbọ́ o: bí ọmọ yẹn ò bá padà kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, ojú gbogbo ìjọ ni màá ti bọ́ ẹ̀wù funfun yẹn lọ́rùn yín. Ṣebí èmi ni mo rán an!"

Olùṣọ́-àgùntàn gba ilé lọ. Ẹ̀wù funfun náà gan-an ni ìyàwó rẹ̀ ń lọ̀ lọ́wọ́.

"Ṣé ìwọ lo sọ ọ̀rọ̀ ọmọ aránṣọ?"

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Má fi mí ṣeré!"

Ìyàwó gbé irin ìlọṣọ dúró. "Ẹ̀yin náà ẹ má fi mí ṣeré, bàbá àwọn ọmọ. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi, kí lẹ sọ fún mi rí? Ẹ ó wọlé, ẹ ó jẹun, ẹ ó kọjú sí ògiri. Mo mọ ẹ̀yìn yín ju ojú yín lọ! Ẹ wá ń bi mí bóyá mo tú àṣírí. Àṣírí wo? Kí ni mo mọ̀ ju iye iyọ̀ tí ẹ ń jẹ?"

Olùṣọ́-àgùntàn yí padà, ó jáde. Ó gbá ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ débi pé àwòrán ìgbéyàwó wọn já bọ́ lára ògiri. Kò padà lọ gbé e.

Lójú pópó, ẹnìkan kí i, kò dáhùn. Ó ń wá ọ̀dàlẹ̀ náà lọ́kàn: agbálẹ̀ ilé ìjọsìn tí ọwọ̀ rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìsọ̀dùn, olórí àwọn alàgbà, ẹlẹ́nu bí agogo, àní aránṣọ fúnra rẹ̀, bóyá ọtí ló pa á níbì kan. Ó búra pé ẹni yòówù kó jẹ́, òun yóò lé e kúrò nínú ìjọ níṣojú tọmọdé tàgbà. Ibì kan ṣoṣo ni ó sì wà tí ó lè tú ẹ̀dùn rẹ̀ dà sí.

Kì í ṣe Ọjọ́rú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e débẹ̀. Ìbínú kò jẹ́ kí ó rántí ilé ẹni tí ó dúró sí: ó di ìkúùkù, ó sì kànkùn gbà-gbà-gbà.

"Wọlé jàre, mi ò tìlẹ̀kùn," ni ohùn Ìyá Etídákẹ́ dáhùn láti inú ilé, "ṣé ọmọ aránṣọ yẹn ti padà wálé?"