Obìnrin Orí Pátákó

Ní ọdún 1983, Bùsírátù onídìrí gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Aké, ó sì ránṣẹ́ pe Dìran kí ó wá kọ pátákó fún un. Dìran mọ iṣẹ́ pátákó kíkọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà tí kì í fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹni tí kò lè fa ìlà kan kí ó gún ni yóò dúró sí i lẹ́yìn, tí yóò ní kí lẹ́tà tún tóbi sí i, kí ọ̀dà pupa pọ̀ sí i, kí ó sì fi kìnnìún sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Orí obìnrin tó dirí ṣùkú ni mo fẹ́," Bùsírátù wí. "Mi ò fẹ́ òyìnbó, mi ò sì fẹ́ ojú oníbàárà mi kankan. Tí mo bá gbé ẹnì kan síta, àwọn tó kù á bínú."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, mà?"

"Kí oòrùn máa pa mí, kí òjò máa pa mí lójú títì? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ohun tí gbogbo ìyá ọlọ́mọ tí Dìran bẹ̀ sọ náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé ojú tí èèyàn kò bá wò, kí ó má yà á, torí pé ojú àfinúrò kì í jọ ojú èèyàn. Dìran ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ mọ́rí, ó sì ṣe é tán. Iṣẹ́ náà dára. Obìnrin náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún, ojú rẹ̀ ọ̀tún tóbi díẹ̀ ju ti òsì lọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí wọ́n gbé pátákó náà kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù Bùsírátù, ẹni àkọ́kọ́ tó dúró wò ó ní òun mọ obìnrin yìí. Ẹnì kejì ní irọ́ ni, ìyàwó awakọ̀ kan ní Adìgbẹ ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fún un ní ọkọ mẹ́ta àti àlè tí kò níye. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnì kan ti fi èédú kọ ọ́ sára ògiri nísàlẹ̀ pé, "A mọ̀ ẹ́ o." Ẹlòmíràn kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Òmùgọ̀, ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Ẹnì kẹta bú ìyá àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tó fi orúkọ sí i. Àwọn tó ń bú ara wọn lára ògiri ni wọ́n sì ń kí ara wọn "ẹ kú àárọ̀" níwájú rẹ̀. Dìran fi ọ̀dà funfun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, àmọ́ ara ògiri funfun gan-an ni èédú ti ń hàn jù.

Jùbrílù onígbàjámọ̀, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Dìran, jáde wá wòran tòun ti abẹ lọ́wọ́. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ojú yìí, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n," ó wí. "Mo ti di àgbọ̀n yìí mú láìmọye ìgbà."

Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kó ẹrù lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Kọ́bapẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni Dìran ti dá irùngbọ̀n rẹ̀ sí. Àwọn èèyàn ní ìfẹ́ ló ń dà á láàmú.

Ó lọ bá Bùsírátù. "Ẹ jẹ́ kí n pa orí yìí rẹ́, mà. Kìnnìún ni kí n yà síbẹ̀."

"Kìnnìún máa ń dirí ni?" Bùsírátù ò tilẹ̀ gbójú sókè lára orí tó ń dì. Àwọn obìnrin kún bẹ́ńṣì rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹni tó bá wá wòran ló ń jókòó dirí. Fọwọ́ kàn án, kí o rí ìjà mi."

Péjú, àfẹ́sọ́nà Dìran, tó ń ṣe tísà, kò wá dirí ní tirẹ̀. Wọ́n ti ka ìkéde ìgbéyàwó wọn lẹ́ẹ̀mejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ku ẹ̀ẹ̀kẹta.

"Ta ni obìnrin yìí?" ó bi í.

"Kì í ṣe obìnrin kankan."

"Dìran, èmi kì í ṣe ọmọdé. Ẹni tí kì í bá jí rí ojú yìí láràárọ̀ kò lè yà á báyìí."

Dìran mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ó fẹ́ràn Péjú gan-an. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́wọ́, orúkọ tí àwọn ará Aké yóò sọ ọ́ yóò bá a dé sàréè. Ti alágbèrè tí wọ́n ń pè é yìí kò burú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ ti ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Màmá Lydia, ìyá Péjú, ló fòpin sí i.

"Mo ti bá àlùfáà sọ̀rọ̀," ó wí. "Wọn ò ní ka ìkẹta, àfi kí obìnrin yẹn wá síwájú mi nínú pálọ̀ yìí lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Bí kò bá wá, gbàgbé ọmọ mi."

Dìran wo Péjú. Péjú ń sunkún, kò wò ó padà.

"Ó máa wá, mà," ni Dìran wí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pálọ̀ kún, àwọn aládùúgbò sì ti orí bọ ojú fèrèsé kí wọ́n lè rí oníṣìná obìnrin náà.

Ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Dìran nìkan ló wọlé, ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀ kodoro, ó wé gèlè, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú Màmá Lydia, ó ní, "Ẹ kú ìsinmi, mà, èmi lobìnrin tí ẹ ní kó wá, inú dígí ni mo ti wo ojú ara mi yà á sórí pátákó."