Ọ̀ṣọ́ Tó Gba Ipò Ẹrù Lára Ọkọ̀ Fáàrí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sì gbé e jù sílẹ̀. Ẹ kà á tán pátápátá, pàápàá bí ẹnìkan nínú ilé yín bá ń fi ọkọ̀ jẹun.

1.

Tọkọtaya kan wà tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo. Kì í ṣe tírélà o. Ọkọ̀ tí orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọ wà lórí férémù kan náà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ẹrù kánjúkánjú. Bí ọkọ bá ń wà á, ìyàwó á sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kékeré tó wà lẹ́yìn ìjókòó. Bó bá rẹ ọkọ, ìyàwó á bọ́ sídìí ọkọ̀. Ẹrù tí kò gbọdọ̀ pẹ́, àwọn ni ilé iṣẹ́ akẹ́rù tó ń gbé iṣẹ́ fún wọn máa ń kọ́kọ́ pè. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: wọ́n mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ó sì yẹ kí wọ́n fi yangàn.

Fáàrí ni wọ́n ń pe ọkọ ní gáréèjì. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pe ìyàwó.

2.

Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ déédéé, ara Fáàrí ò gbà á mọ́. Ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ó fi bọ́ńpà irin ràgàjì síwájú, ó ń dán bíi dígí. Ó so tánkì epo kejì mọ́ ọn kí wọ́n má bàa máa yà ra epo. Àpótí irin tẹ̀lé e lọ́tùn-ún lósì. Ó yọ bẹ́ẹ̀dì kékeré, ó fi onírin tó ní dúrọ́ọ̀ rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú fíríìjì àti tánkì omi ìwẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá wọ gáréèjì, àwọn èèyàn á máa ya fọ́tò, Fáàrí á máa rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

Àgbà awakọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ tirẹ̀ ò ní ju ọ̀dà funfun lára lọ.

"Bọ̀dá Jẹ́jẹ́," Fáàrí á ní, "ṣé ọkọ̀ lẹ wà wá ni, àbí agolo mílíìkì?"

"Agolo mi ń gbé ẹrù ẹ̀, àbúrò," Jẹ́jẹ́ á fèsì.

Ìyá Ìbejì fẹ́ràn ọ̀ṣọ́ náà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Fíríìjì yẹn dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ ọ́ lóminú.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká gbé ọkọ̀ yìí lọ wọ̀n lófìfo. Irin tẹ́ ẹ fi sí i ti pọ̀."

"Wọ̀n kẹ̀? Tọ́ọ̀nù márùn-ún ló ń gbé látọjọ́ tá a ti rà á!"

"Kẹ́ ẹ tó so irin mọ́ ọn nìyẹn."

"Ìwọ obìnrin yìí, ọ̀ṣọ́ kì í ṣe ẹrù!"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, torí òun gan-an ló kó bá a. Ìwọ̀n tí òfin fún ọkọ̀ kì í ṣe ti ẹrù nìkan. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Epo, awakọ̀ méjèèjì, bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, omi, gbogbo wọn ló wà nínú ẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ti ẹrù. Bí ẹ bá ti fi irin kún ara ọkọ̀, inú ìpín ẹrù lẹ ti mú un.

3.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mánéjà ilé iṣẹ́ náà pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ̀rọ tó ń fa omi fún ilé ìwòsàn ńlá kan ti bàjẹ́. Àwọn aláìsàn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn, kò sì ṣeé ṣe láìsí omi. Omi tó kù nínú tánkì ilé ìwòsàn ò ní kọjá ọjọ́ kejì. Ẹ̀rọ tuntun wà nínú àpótí pákó méjì, ó sún mọ́ tọ́ọ̀nù márùn-ún.

"Ṣé ọkọ̀ yín máa gbé e?"

"Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀! Ọkọ̀ mi kẹ̀?"

Ìyá Ìbejì na ọwọ́ sí fóònù, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti pa fóònù.

4.

Ní ìdajì ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó ní kí wọ́n yà sórí òṣùwọ̀n ọkọ̀. Obìnrin òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ wo nọ́ńbà tó yọ, ó tún un wò, ó mi orí.

"Ẹ ti fi bíi tọ́ọ̀nù kan kọjá òfin. Ọkọ̀ yìí ò kúrò níbí."

"Ilé ìwòsàn là ń gbé e lọ!" Fáàrí pariwo.

"Bí bíréèkì yín bá kọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú yìí, àwọn tẹ́ ẹ bá kọlù náà á nílò ilé ìwòsàn. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀."

Èwo ni kó sọ̀? Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n pín sínú àpótí méjèèjì, ọ̀kan ò wúlò láìsí èkejì. Fáàrí da omi ìwẹ̀ nù. Ó gbé fíríìjì sílẹ̀. Kò tó. Ó mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu bọ́ńpà tí wẹ́dà ti jó mọ́ férémù. Òógùn bò ó, bọ́ńpà ò mì.

Ìyá Ìbejì ò bá a jà. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe mánéjà, ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un.

5.

Jẹ́jẹ́ ni mánéjà rán wá, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ẹrù nítòsí. Wọ́n kó àpótí méjèèjì sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gun òṣùwọ̀n, ó kọjá.

"Mo ti ń wakọ̀ láti àárọ̀," Jẹ́jẹ́ sọ. "Mo nílò ẹni tá a jọ máa wà á."

Fáàrí yára bọ́ síwájú. Ohùn mánéjà jáde nínú fóònù Ìyá Ìbejì: "Rárá. Ìyá Ìbejì ni kó lọ."

Ìtìjú bá Fáàrí gidi, kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì gun ọkọ̀ lọ.

Wọ́n débẹ̀ kí omi tó tán. Àwọn nọ́ọ̀sì jáde wá pàdé wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìbejì pe ọkọ rẹ̀, ẹkún ayọ̀ wà lóhùn rẹ̀.

"A ti dé o, Bàbá Ìbejì! Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ wọn?"

"Mò ń gbọ́," ni Fáàrí sọ. Orí fíríìjì rẹ̀ ló jókòó sí lẹ́bàá òṣùwọ̀n.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè sí ẹrù kánjúkánjú. Ilé iṣẹ́ fi ọkọ̀ mìíràn sí ìkáwọ́ rẹ̀, orí mi sì wú nígbà tí mo gbọ́. Ti Fáàrí ṣì lẹ́wà gan-an. Fóòmù àti tìmùtìmù ló ń kó.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, mò ń kìlọ̀ fún yín: ẹ má fi ẹnu wọn ẹrù. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá so mọ́ ọkọ̀, ẹ lọ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó dáhùn pé ẹ lè gbé nǹkan. Mi ò ní kẹ́ ẹ má yangàn. Ẹ fi iṣẹ́ yín yangàn, ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dùbúlẹ̀ tó ń retí ẹrù yẹn ò béèrè bí ọkọ̀ yín ṣe rẹwà. Ó kàn fẹ́ kó dé ni.