Kátíríìjì Tí Ọdẹ Fọwọ́ Dì

Ọdẹ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn ẹ̀tù sínú kátíríìjì òfìfo kan, ó ti fi páálí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nígbà tí Adépéjú àbúrò rẹ̀ já wọlé, tí ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ọláwuyì fẹ́ pa mí o!"

Ọláwuyì ọkọ rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àdá. Òun náà ló máa ń fi ọdẹ ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri Oǹdó pé kátíríìjì kún Àkúrẹ́ fún rírà, kí ló dé tó ń fọwọ́ di tirẹ̀, tó ń wọn ẹ̀tù bí ẹni ń wọn wúrà.

Ọláwuyì gbé àdá sókè. Ọdẹ ki kátíríìjì tó wà níwájú rẹ̀ bọ ìbọn, ó sì yìn ín sí àyà Ọláwuyì gan-an. Ilé mì tìtì.

Nígbà tí èéfín ká, Ọláwuyì ṣì wà lórí ìdúró. Ó fọwọ́ pa àyà rẹ̀ wò. Ẹ̀wù rẹ̀ jó díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ojú ọgbẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ayẹta mi jẹ́! Tún un yìn! Lẹ́yìn náà, màá bẹ́ ẹ̀yin méjèèjì lórí!"

Ọdẹ wo orí tábìlì. Ọta òjé mẹ́sàn-án tó yẹ kó kó sínú kátíríìjì yẹn ṣì wà nínú àwo. Ẹ̀tù lásán ló yìn. Àánú àna rẹ̀ ṣe é, ó la ẹnu láti sọ òtítọ́ fún un.

Adépéjú fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ bò ó lẹ́nu. Ó mú kátíríìjì mìíràn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dì parí, ó fi í lé e lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó rọra sọ, "ó ní kẹ́ ẹ tún un yìn."