Iyanrìn Tí Jórinjórin Fi Bo Iná

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá fi sílẹ̀ o. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin bàbá tí "mo mọ ohun tí mò ń ṣe" kì í wọ́n lẹ́nu yín.

1.
Jórinjórin kan wà tí iná kì í bà lẹ́rù. Àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló fi ń jó irin mọ́ irin ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló fi ń ríran. Kòwọbàtà ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé, nítorí bàtà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣọ̀rẹ́. Ẹ wọ bàtà fún un ní yàrá, kó tó dé palọ̀ ó ti bọ́ ọ dànù.

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, bàbá ní òun máa kó gbogbo ilé lọ pàgọ́ sétí odò, kí wọ́n sun ẹja lórí iná igi. Inú ọmọ dùn débi pé inú àgọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ta wò ní palọ̀ ló ń sùn. Ìyàwó nìkan ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

"Dádì ẹ̀, iná gbangba nìyẹn o. Ẹ sì mọ bí ọmọ yín ṣe ń sáré."

"Iná tí èmi àti ẹ̀ jọ ń jẹun! Mo ṣèlérí fún ẹ, iná kankan ò ní kan ọmọ wa."

Ìyàwó gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gba jórinjórin gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ iná?

2.
Ibẹ̀ dùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá ti jó ààrò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ láti ilé, ó sì to òkúta yí iná ká. Màmá àgbà jókòó sórí àga, ó ń pàṣẹ bí ọ̀gágun. Ẹja àkọ́kọ́ jóná lápá kan, ó tutù lápá kejì.

"Jórinjórin, ṣé o fẹ́ jó ẹja yìí mọ́ irin ni?" ni màmá àgbà bi í.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kòwọbàtà jẹ ibi tó jóná, ó ní kò sí ẹja tó dùn tó yẹn láyé.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, tí wọ́n fẹ́ lọ wẹ̀ lódò, bàbá gbé ààrò irin kúrò, ó mú ṣọ́bìrì, ó ń bu iyanrìn lé iná.

Màmá àgbà ní, "Bu omi sí i, ọmọ mi. Rò ó pọ̀, tún bu omi sí i, kí o wá fọwọ́ kàn án."

"Màmá, omi á sọ ibí di ẹrẹ̀. Iyanrìn la fi ń paná ní ṣọ́ọ̀bù."

Òótọ́ ló sọ. Bí epo bá gbiná ní ṣọ́ọ̀bù, garawa iyanrìn ni wọ́n ń sáré gbé. Ṣùgbọ́n ẹyin iná igi kì í ṣe epo. Iyanrìn kò pa á, ńṣe ló da aṣọ bò ó kí òtútù má baà mú un.

"Wọ́n ní iná kú, ó feérú bojú," ni màmá àgbà wí. "Èyí tí o bò yìí, ṣé o rí òkú ẹ̀?"

"Ó ti kú, Màmá!"

Ó fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì tẹ́ iyanrìn náà pẹrẹsẹ. Afẹ́fẹ́ ń gbé etí àgọ́, ló bá kó àwọn òkúta yẹn lọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó lè mọ ibi tí iná wà mọ́.

3.
Bàbá jáde nínú odò, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

"Ta ló máa bá mi mú táwẹ́ẹ̀lì nínú àgọ́?"

"Èmi ni! Dádì, ṣé iná yẹn ti kú?"

"Ó ti kú. Sáré!"

"Wọ bàtà ẹ!" ni ìyá rẹ̀ kígbe, ṣùgbọ́n ọmọ ti lọ.

Igbe tí wọ́n gbọ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká gbọ́ irú ẹ̀. Ó ti mú táwẹ́ẹ̀lì, ó ń bọ̀, ló bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì bọ àárín iyanrìn náà. Bàbá gbé e, ó sáré ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ odò. Táwẹ́ẹ̀lì ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ.

"Dádì, ẹ ní ó ti kú."

Bàbá gbá ọmọ mọ́ra nínú omi. Ó ń sunkún bí ọmọdé. Ìyàwó kò bá a jà, ó fi táwẹ́ẹ̀lì náà wé ọmọ, wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ.

4.
Ẹsẹ̀ jinná, a dúpẹ́. Ẹ̀yìn bàbá ni ọmọ wà lọ sílé-ìwé títí ó fi lè rìn. Ṣùgbọ́n Kòwọbàtà wá di ẹni tó ń wọ bàtà sùn. Orúkọ yẹn sì kú lẹ́nu gbogbo wọn.

Ní ọjọ́ kan, bàbá ní, "Bọ́ bàtà, ọmọ mi. Ilẹ̀ palọ̀ nìyí."

"Ṣé ẹ ti fọwọ́ kàn án?"

Jórinjórin kúnlẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga, ibi gbogbo. Màmá àgbà ń wò ó, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ bọ́ bàtà kan. Ó fi èkejì sílẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Títí dòní, bàbá ṣì ń kúnlẹ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀ ní gbogbo ibi tí wọ́n bá dé, ó ń dúró de bàtà kejì.

Ẹ̀yin òbí, omi ni kí ẹ fi pa iná igi, kì í ṣe iyanrìn. Ẹ rò ó, ẹ tún bu omi sí i, kí ọwọ́ yín kàn án kí ẹsẹ̀ ọmọ yín tó kàn án. Bí àgbà bá sì ń sọ̀rọ̀, ẹ má fi iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ dí etí. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.