Òkun Kò Tíì Gbóná

Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kà á fún un lórí fóònù pé sátẹ́láìtì rí i pé òkun ṣì tutù, òjò gidi kò tíì dé. Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó gbin àgbàdo. Oòrùn sì yan àgbàdo náà gbẹ.

Lónìí tí àkọ́rọ̀ òjò tún rọ̀ ní abúlé Ajue, ó fi ìdí bàǹbà jókòó lé àpò irúgbìn.

"Gbogbo ayé ti ń gbìn," Adédoyin aládùúgbò rẹ̀ pariwo kí àwọn tó ń lọ sóko lè gbọ́. "Ìyá, ṣé ẹ tiẹ̀ ti rí òkun rí?"

"N ò rí i rí. Sátẹ́láìtì tó ń wò ó láti òkè ní kò tíì gbóná lọ́dún yìí náà. Ìdí mi ò kúrò níbí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín kọjá. Adédoyin bá sọ àpò tirẹ̀ kalẹ̀, irúgbìn ṣì kún un dẹ́nu, ó jókòó lé e.

"Ìyá, ọjọ́ wo ni wọ́n ní yóò gbóná?"