Àṣìṣe Inú Géèmù Wọlé

Kòkúmọ́ kò jókòó nígbà tó dé ilé Moríkẹ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, omi ṣì ń kán létí ṣòkòtò rẹ̀, Bíbélì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

"Ohun tí ẹ ń pè ní géèmù yẹn dà? Ẹ gbé e jáde, kí n bá a wí."

Ọjọ́ Ẹtì ni Wọlé, ọ̀dọ́kùnrin tó ṣe géèmù náà, gbé ìtọ́wò rẹ̀ sórí ayélujára, apá kékeré tí aráyé yóò fi mọ bí odindi rẹ̀ yóò ti rí. Kó tó di ọjọ́ Ajé, gbogbo ìlú Araromi ti ń bú u. Àdúgbò Bẹ́tẹ́lì ló yà sínú rẹ̀, pẹ̀lú ilé orí òpó àti àfárá pákó rẹ̀, bó ti rí láàárọ̀ ọjọ́ tí òkun gbé e lọ lọ́dún méje sẹ́yìn. Wọ́n ní ó fi ẹkún ìlú ṣeré. Kòkúmọ́, tó ń tu bóòtì ìjọ, ló bú u jù.

Moríkẹ́ ló fẹ́ kí wọ́n fi géèmù náà han ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, níbi ìsìn ìrántí. Tẹ́ní àbúrò rẹ̀ àti ọmọ méjì tí Tẹ́ní bí wà lára àwọn tó bá omi lọ. Àwọn alàgbà ní bí Kòkúmọ́ bá wò ó, tó fọwọ́ sí i, ó parí. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kí Wọlé pa á rẹ́ pátápátá.

Wọlé, tó ti ń dúró dè é nínú yàrá, tan kọ̀ǹpútà. Bóòtì ìjọ yọ lójú rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ òpó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ jókòó, Bàbá," Moríkẹ́ wí.

"Èmi kì í jókòó ní ibùjókòó àwọn ẹlẹ́gàn."

"Kì í ṣe ẹ̀gàn, Bàbá," ni Wọlé fèsì. "Ẹni tó bá ń gbá a ló ń tu bóòtì. Ó gbọ́dọ̀ kó èèyàn jáde kí omi tó bo àdúgbò."

"Ta ló kọ́ ẹ ní ọkọ̀ títù? Ṣé Àkúrẹ́ tó o ti lọ kàwé ni? Níbi tó jẹ́ pé mọ́tò nìkan ni wọ́n ń fi odò wọn fọ̀?"

Wọlé tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ́ńjìnì bú, bóòtì gbéra, ó dorí kọ òkun.

"Ẹ wò ó! Wèrè wo ló ń tu ọkọ̀ yẹn?"

"Ojú ìgbì là ń kọ, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin àgbà ṣe kọ́ wa."

"Lọ́jọ́ mìíràn nìyẹn! Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn lomi gbà dé. Inú odò ló kọ́kọ́ gbà gòkè, ó ń rú jáde lábẹ́ pákó, kí òkun fúnra rẹ̀ tó dé. Gbé nǹkan yẹn wá, ọ̀dẹ̀!"

Ó fa àga, ó jókòó. Wọlé fi bọ́tìnnì hàn án. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n.

Obìnrin kan yọ lórí àfárá, ó di ọmọ méjì lọ́wọ́ mú.

"Ta nìyí?"

"Ẹni tí a fẹ́ gbà là ni. Bí ẹ bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀, á bọ́ sínú bóòtì."

"Kò ṣeé yà. Bóòtì á dojú dé."

"Nínú géèmù, ó ṣeé ṣe, Bàbá."

"Irọ́ ni géèmù yín!"

Kòkúmọ́ fi agídí yí bóòtì sí apá àfárá, kó lè dojú dé. Kò dojú dé. Ó mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ó sì fara ti àfárá. Obìnrin náà gbé ọmọ kan sínú rẹ̀, ó gbé èkejì, òun náà bọ́ sí i. Orin kékeré kan dún. Ojú kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé ẹni mẹ́ta ti là.

Kòkúmọ́ fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná.

"Ẹ̀tàn Èṣù nìyí! Ẹ fẹ́ káyé máa rò pé ó ṣeé ṣe. Kò sí atukọ̀ tó lè yà síbẹ̀. Jésù nìkan ló ń bá ìgbì wí."

Moríkẹ́ ti mú ìwé àti kálámù. Kò rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára bàbá náà.

"Ẹ sọ gbogbo ibi tó ti ṣàṣìṣe. Bẹ́ ẹ bá ṣe sọ ọ́ la ó ṣe tún un ṣe. A ò ní fi tiwa kún un."

"Kọ ọ́. Ẹ́ńjìnì kò dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ìgbà kẹta tí a fa okùn rẹ̀ ló tó bú. Ilé ìdáná Veronica tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àfárá ti wó, àlàfo ibẹ̀ nìkan ni bóòtì lè gbà jáde. Obìnrin yìí kò di ọmọ méjèèjì lọ́wọ́ mú, ó pọn ọ̀kan. Kò sì dúró bí ère. Ó ń pariwo, ó ń ju ìborùn. Bóòtì tó bá sì yà síbẹ̀, kó dojú dé. Kọ ìyẹn dáadáa!"

"Mo ti kọ ọ́."

"Ibi tí bóòtì wà níbẹ̀rẹ̀ ńkọ́, Bàbá?" ni Wọlé béèrè.

"Ibẹ̀ dáa. Ibẹ̀ nìkan lo mọ̀."

Moríkẹ́ ka gbogbo rẹ̀ sókè, ó sì na ìwé náà sí i. Kòkúmọ́ fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

"Ẹ tún un ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó fi han ìjọ. Òtítọ́ yóò sì sọ yín di òmìnira."

"A ó kà á síwájú ìjọ, Bàbá," Moríkẹ́ wí.

Ọdún méje gbáko ni Kòkúmọ́ ti ń dìde níbi ìsìn ìrántí, tí yóò fọwọ́ lé Bíbélì, tí yóò sọ pé ìdájí ọjọ́ náà lòun ti gbé bóòtì ìjọ lọ sí Ode Ugbo fún àtúnṣe, pé ìgbà tí òun padà dé lọ́sàn-án lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé òkun ti dé, àti pé Tẹ́ní àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì kò rí bóòtì kankan tí yóò gbé wọn.